Bí ìjọba ṣe ń dá ikọ̀ òṣìṣẹ́ àyíká sílẹ̀ tí kò fi ní tú ká: ìtọ́sọ́nà fún wa ní Òṣogbo

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbéèrè kan náà ni àwọn káńsẹ́lọ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ àti olórí ọ̀dọ́ àdúgbò ń bi mí ṣáá: "Owó díẹ̀ wà nílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wà nílé. Gọ́tà ti dí, etí odò ń ya, igi ti ń tán. Báwo la ṣe máa kó àwọn ọmọ yìí jọ kí wọ́n ṣe iṣẹ́ náà, kí ìjọba sì san owó wọn?"

Mo ti ṣe alábòójútó irú iṣẹ́ yìí rí. Mo rí èyí tó yọrí, mo sì rí èyí tó bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni mo tò síbí, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Kí n tètè sọ èyí tó jẹ mí lógún jù: ọjọ́ tí ẹ máa sanwó ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, lẹ́yìn náà ni kí ẹ mú ọjọ́ tí iṣẹ́ máa bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ikọ̀ ló jẹ́ pé fìlà àti ẹ̀wù aláwọ̀ ewé ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á gbin igi mẹ́wàá níwájú àwọn èèyàn ńlá. Owó oṣù kìíní á pẹ́, ti oṣù kejì á pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá fi máa di oṣù kẹta, ṣọ́bìrì nìkan ni ẹ máa bá ní sítóò.

Kí ẹ tó kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀

1. Ẹ mú iṣẹ́ kan ṣoṣo fún sáà àkọ́kọ́. Iṣẹ́ mẹ́ta ló wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa: kíkó gọ́tà àti ojú àgbàrá; gbígbin igi àti dídá etí odò dúró; ríro igbó àti gígé ojú iná (ilẹ̀ òfìfo tí iná kò ní lè ré kọjá) yí oko igi ká. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní rí ọ̀kan ṣe tán.

2. Ẹ wádìí ẹni tó ni ilẹ̀. Ilẹ̀ ìdílé wà, ilẹ̀ ìjọba wà, ilẹ̀ tí ẹjọ́ rẹ̀ wà ní kóòtù náà sì wà. Bí ẹ bá gbin igi sórí ilẹ̀ ìdílé láìjẹ́ pé ẹ bá mọ́gàjí sọ̀rọ̀, wọ́n á fà á tu lóru, ẹ ò sì ní mọ ẹni tí ẹ máa mú.

3. Ẹ kọ àdéhùn sí ojú ìwé kan ṣoṣo: iṣẹ́ wo, níbo, ẹni tó ni igi nígbà tó bá dàgbà, ẹni tó máa dáhùn bí màlúù bá jẹ ẹ́. Kí onílẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ àti alága àdúgbò buwọ́ lù ú.

Ẹ ṣọ́ra gidigidi fún igbó Ọ̀ṣun. Nǹkan bíi hẹ́kítà 75 ni igbó náà. Apá kan rẹ̀ ti di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti 1965, wọ́n fẹ̀ ẹ́ dé gbogbo rẹ̀ ní 1992, UNESCO sì kọ ọ́ mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Àjọ tó ń mójú tó ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ló ń bójú tó o fún ìjọba àpapọ̀. Ààfin Àtáọ́ja àti àwọn olùsìn Ọ̀ṣun náà sì ní ohùn níbẹ̀. Ikọ̀ yín kò gbọ́dọ̀ mú àdá tàbí dígà wọ ibẹ̀ láìgba àṣẹ, àní kó tiẹ̀ jẹ́ pé wọ́n fẹ́ gbá ilẹ̀ lásán ni. Bí ẹ bá fẹ́ràn igbó náà ní tòótọ́, ìta ni iṣẹ́ yín wà. Pàǹtí tí òjò ń gbé bọ́ sínú odò, inú gọ́tà ìgboro ló ti ń wá. Ẹ dá a dúró níbẹ̀ kó tó dé odò.

Ẹ pín iṣẹ́ náà sọ́wọ́ mẹ́ta

Ẹni tó ń yan òṣìṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ń wọn iṣẹ́. Ẹni tó ń wọn iṣẹ́ kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ń sanwó. Bí ọwọ́ kan bá di mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mú, orúkọ tí kò sí èèyàn nídìí rẹ̀ máa wọ ìwé láàárín oṣù méjì.

Ikọ̀ irú èyí tó tóbi jù tí mo mọ̀, Civilian Conservation Corps tí Amẹ́ríkà ṣe láti 1933 sí 1942, bí wọ́n ṣe pín in nìyẹn. Ilé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ló ń yan àwọn ọmọkùnrin náà. Àwọn ológun ló ń bójú tó bùdó, oúnjẹ àti owó. Àwọn onígbó àti àwọn tó ń tọ́jú ilẹ̀ ìjọba ló ń yan iṣẹ́, tí wọ́n sì ń darí rẹ̀. Nǹkan bí 200 ọmọkùnrin ló ń wà ní bùdó kan. Dọ́là 30 ni owó oṣù wọn, nǹkan bíi 25 nínú rẹ̀ sì ń lọ tààrà sílé fún àwọn òbí wọn. Ó lé ní mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ ọ̀dọ́ tó gba ibẹ̀ kọjá.

A ò ní ológun tí a máa fi ṣe é ní Òṣogbo, a ò sì nílò wọn. Ẹ lè pín in báyìí:

- Yíyàn: ẹ̀ka ìdàgbàsókè àdúgbò ní ìjọba ìbílẹ̀, pẹ̀lú alága àdúgbò, ìmáàmù àti pásítọ̀ tó jókòó tì wọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí.
- Iṣẹ́ àti wíwọ̀n: òṣìṣẹ́ igbó tàbí òṣìṣẹ́ àyíká láti ilé iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀, ẹni tó mọ igi àti ojú omi.
- Owó: ọ́fíìsì akápò, láti báǹkì sí àkáǹtì òṣìṣẹ́, láìgba ọwọ́ fóòmànù kankan.

Ìṣirò owó

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ẹ ti owó tiyín bọ̀ ọ́.

Èèyàn 60, ẹ pín wọn sí ọ̀wọ́ márùn-ún, méjìlá-méjìlá. Ọjọ́ mẹ́wàá lóṣù, wákàtí márùn-ún lójúmọ́. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin àpapọ̀ fi lélẹ̀ ní 2024 ni ₦70,000. Bí a bá pín in sí ọjọ́ iṣẹ́ 22, ó lé díẹ̀ ní ₦3,180 lójúmọ́. Ẹ má san ohun tó kéré sí i. Ẹ jẹ́ ká fi ₦3,500 ṣe é:

- Ẹni kan lóṣù: ₦35,000
- Èèyàn 60 lóṣù: ₦2,100,000
- Oṣù mẹ́fà: ₦12,600,000

Òfin iṣẹ́ ìgbèríko tí India ṣe ní 2005 fi ìlànà kan lélẹ̀ tí mo fẹ́ràn: nínú owó iṣẹ́, ó kéré tán ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún gbọ́dọ̀ jẹ́ ti òṣìṣẹ́, ohun èlò kò gbọ́dọ̀ kọjá 40. Bí a bá tẹ̀ lé e, ₦12,600,000 yìí á mú kí gbogbo owó iṣẹ́ jẹ́ ₦21,000,000. ₦8,400,000 tó kù ni ẹ máa fi ra irinṣẹ́, bàtà àti ọmọ igi, tí ẹ máa fi gba típà, tí ẹ máa fi san owó fóòmànù. Ìlànà yìí ló ń dá ọwọ́ ẹni tó bá fẹ́ fi ra mọ́tò dúró.

Ohun méjì tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbàgbé:

Àkọ́kọ́, owó ìdáàbòbò òṣìṣẹ́ tó bá fara pa. Òfin Nàìjíríà ti 2010 ní kí agbanisíṣẹ́ san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó òṣìṣẹ́ fún NSITF, àjọ tó ń bójú tó owó ìdáàbòbò yìí. Nínú àpẹẹrẹ wa, ₦126,000 péré ni fún oṣù mẹ́fà. Ìgò tó ń gé ẹsẹ̀ nínú gọ́tà kò mọ̀ pé iṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ ni.

Èkejì, owó ìtọ́jú ọdún kejì. Ẹ yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀wọ́ kan, èèyàn méjìlá, ọjọ́ márùn-ún, ìgbà mẹ́rin lọ́dún: ₦840,000. Bí kò bá sí nínú ìwé lónìí, kò ní sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lọ́dún tó ń bọ̀.

Gbígba òṣìṣẹ́

1. Ẹ kéde fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko: lórí rédíò, ní mọ́ṣáláṣí, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní Ọjà Ọba, ní Ìgbọ́nà, ní Òkè-Baálẹ̀. Ẹ sọ iye owó, iye ọjọ́, àti ọjọ́ tí iṣẹ́ máa parí. Ẹ sọ ọ́ gbangba pé iṣẹ́ oṣù mẹ́fà ni, kì í ṣe iṣẹ́ ìjọba títí ayé. Irọ́ tó bá wà níbí á padà wá bá yín ní oṣù keje.

2. Fóòmù gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá gba ₦200 lórí rẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò.

3. Ọdún 18 sókè. Ẹ má gba ọmọ ilé ìwé tó ń sá kúrò ní kíláàsì.

4. Ẹ fi àyè obìnrin sílẹ̀. Òfin India tí mo sọ ní kí ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́ta jẹ́ obìnrin. Lọ́dọ̀ wa, ó rọrùn láti kọjá bẹ́ẹ̀. Òfin náà tún sọ pé ibi tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà bá ti tó márùn-ún, kí ẹnì kan nínú àwọn obìnrin máa tọ́jú wọn, kí wọ́n sì san owó ọjọ́ rẹ̀ bíi ti àwọn yòókù. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá tó fi ọmọ sí ìbòòji kò ní máa wẹ̀yìn ní gbogbo ìgbà.

5. Bí àwọn tó yẹ bá pọ̀ ju àyè lọ, ẹ ṣẹ́ kèké ní gbangba. Ẹ kó orúkọ sínú garawa, kí ọmọ kékeré máa mú un jáde, kí akọ̀wé máa kọ ọ́ sí ara bọ́ọ̀dù. Àwọn tó rántí O-YES ní 2010 sí 2011, nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ gba 20,000 ọ̀dọ́, mọ bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe máa ń jáde fún irú àyè bẹ́ẹ̀.

6. Ẹ gba NIN àti nọ́ḿbà àkáǹtì, lẹ́yìn náà kí ẹ fi orúkọ méjèèjì wé ara wọn kí ẹni náà tó kúrò níwájú yín. Níbí ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Àkáǹtì ń jẹ́ orúkọ ilé ọkọ, NIN ń jẹ́ orúkọ ilé bàbá. "Rasheedat" wà níbì kan, "Rashidat" wà níbòmíràn. Ẹ tún un ṣe ní ọjọ́ yẹn.

7. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, kí akápò fi ₦50 ránṣẹ́ sí àkáǹtì kọ̀ọ̀kan. Àkáǹtì tí ₦50 kò bá wọlé sí, ₦35,000 kò ní wọ ibẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí, èyí ló kéré jù lówó, òun ló sì wúlò jù.

Àkókò

Ojú ọjọ́ ló ni kàlẹ́ńdà, kì í ṣe ọ́fíìsì. Ní Òṣogbo:

- Oṣù Kìíní sí Ìkẹta: ọmọ igi ti gbọ́dọ̀ wà nínú nọ́sìrì (ibi tí a ti ń tọ́ ọmọ igi), kí ẹ kó gọ́tà kí òjò tó dé.
- Oṣù Kẹrin: ẹ ṣán ilẹ̀, ẹ fi èèkàn sàmì sí ojú ihò.
- Ìparí oṣù Karùn-ún sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje: gbígbìn. Ẹni tó gbin lẹ́yìn ìyẹn ń gbin fún ọ̀dá.
- Oṣù Kẹjọ: òjò máa ń sinmi díẹ̀, ríro àkọ́kọ́. Ọdún Ọ̀ṣun wà nínú oṣù yìí, nítorí náà ẹ má gbé típà tàbí ẹrẹ̀ sí ojú ọ̀nà tó lọ sí odò.
- Oṣù Kẹwàá: ríro kejì.
- Oṣù Kọkànlá: gígé ojú iná kí ọyẹ́ tó dé.

Bí owó bá jáde ní oṣù Kẹsàn-án, ẹ má gbin igi. Ẹ fi kó gọ́tà, ẹ fi tọ́jú nọ́sìrì di ọdún tó ń bọ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n á ní kí ẹ ná owó náà kí ọdún tó parí. Ẹ ná an sórí ohun tí ọyẹ́ kò ní pa.

Ọjọ́ iṣẹ́ kan

Aago méje òwúrọ̀ ni ẹ pé. Fóòmànù pe orúkọ kó tó fún ẹnikẹ́ni ní irinṣẹ́, kó sì tún pe é ní aago méjìlá lẹ́yìn tó bá ti gba irinṣẹ́ padà. Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ́ ń pe orúkọ, nítorí àwọn kan máa ń dáhùn láàárọ̀ kí wọ́n tó gba ọjà lọ.

Ohun tó gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan iṣẹ́:

- bàtà òjò àti ìbọ̀wọ́ tó bá ẹsẹ̀ àti ọwọ́ mu
- omi mímu tó mọ́, lítà méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan
- ìbòòji
- àpótí oògùn
- nọ́ḿbà fóònù ilé ìwòsàn tó ní oògùn oró ejò, ẹ ti béèrè lọ́wọ́ wọn ṣáájú
- abẹ́rẹ́ àrùn ipá (tetanus) fún gbogbo ẹni tó máa wọ gọ́tà

Bí ejò bá bu èèyàn jẹ, ẹ má gbẹ́ ojú rẹ̀, ẹ má fi ẹnu fà á, ẹ má fi okùn dì í pinpin. Ẹ jẹ́ kó dùbúlẹ̀, kó má gbé ẹsẹ̀ náà, ẹ gbé e lọ ilé ìwòsàn kíákíá.

Bí òjò bá lé yín kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ẹ kọ ìdajì ọjọ́ sílẹ̀ fún wọn. Wọ́n jí, wọ́n sì dé.

Bí iṣẹ́ bá jẹ́ gọ́tà

Láti ìsàlẹ̀, níbi tí omi ti ń jáde, ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa gòkè. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ lókè, omi tí ẹ tú sílẹ̀ máa lọ kún inú ilé ẹlòmíràn nísàlẹ̀.

Ẹ má kó ẹrẹ̀ sí etí gọ́tà. Gbogbo wa la ti rí i ní ìgboro: òkìtì dúdú tó gbẹ bí àkàrà, tí òjò kan ṣoṣo á sì gbá padà síbi tó ti wá. Ọjọ́ tí ẹ bá kó o jáde ni típà gbọ́dọ̀ kó o lọ. Bí típà kò bá sí, ẹ má kó gọ́tà lọ́jọ́ yẹn. Ẹ lọ ṣe iṣẹ́ mìíràn.

Kí ẹnikẹ́ni má wọ abẹ́ afárá tàbí inú páìpù nígbà tí òjò bá ṣú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì kán síbi tí ẹ wà.

Fún etí odò tó ń ya, ẹ lo koríko fẹtifà (vetiver). Ẹ gbìn ín ní ìlà tó dábùú òkè, kí àlàfo àárín wọn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15. Ọparun náà dára, ṣùgbọ́n ẹ gbìn ín sẹ́yìn díẹ̀ kó má baà há ojú omi.

Bí iṣẹ́ bá jẹ́ igi gbígbìn

Ẹ jẹ́ ká mú hẹ́kítà mẹ́rin. Bí àlàfo bá jẹ́ mítà mẹ́ta sí mẹ́ta, igi 1,111 ló máa wọ hẹ́kítà kan. Mẹ́rin á gba 4,444. Ẹ bèèrè fún 5,000 kí ẹ lè ní èyí tí ẹ máa fi dípò òkú. Lórí ilẹ̀ wa tó ní òkúta wẹ́wẹ́, ẹnì kan lè gbẹ́ ihò 25 lóòjọ́. Èèyàn 60 á parí ihò náà ní ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ rí i báyìí pé gbígbìn gan-an kì í gba ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyókù oṣù mẹ́fà ni iṣẹ́.

Ẹ má gbin irú kan ṣoṣo. Tíìkì àti mẹláínà yára, wọ́n sì lówó lórí, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ kí ẹyẹ padà, kí ilẹ̀ sì tutù, ẹ po afárá, ọ̀gànwó, ìrókò àti ayùnrẹ́ mọ́ ọn. Ní etí àdúgbò, ẹ fi igi eléso sí i, bí agbálùmọ̀ àti òro. Igi tí èèyàn ń jẹ èso rẹ̀, èèyàn kì í dáná sun ún.

1. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ẹ tó gbìn, ẹ dín omi àti ìbòòji ọmọ igi kù ní nọ́sìrì kí ara wọn le.
2. Ẹ gbẹ́ ihò tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30 ní fífẹ̀ àti ní jíjìn. Ẹ ya ilẹ̀ òkè (erùpẹ̀ ojú ilẹ̀) sọ́tọ̀.
3. Ẹ bu omi rin ọmọ igi kí ó tó kúrò ní nọ́sìrì. Ẹ má gbé e ní orí igi rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ọ̀rá tí wọ́n gbìn ín sí ni kí ẹ ti gbé e.
4. Ẹ fi abẹ la ọ̀rá, ẹ yọ ọ́ kúrò pátápátá.
5. Ẹ gbé e sínú ihò ní ọ̀gangan, ilẹ̀ òkè ni kó kọ́kọ́ wọlé. Ọrùn igi gbọ́dọ̀ bá ojú ilẹ̀ dọ́gba.
6. Ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ẹ fi koríko gbígbẹ bò ó yí ká, kó má kan ara igi.
7. Ẹ ka ọ̀rá tí ẹ kó jọ. Iye ọ̀rá gbọ́dọ̀ bá iye igi mu.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ìkeje. Ní oṣù Kejìlá ọdún kan, mo lọ síbi tí a ti gbin igi ní oṣù kẹfà. Ewé ọ̀gànwó kan ti pọ́n, mo fà á díẹ̀, ó sì tẹ̀lé mi lọ́wọ́ láìjà. Ọ̀rá dúdú ṣì wà lára rẹ̀ pinpin, gbòǹgbò ti yí po nínú rẹ̀ bí òwú nínú kẹ̀kẹ́. Mo fa èyí tó tẹ̀ lé e, bákan náà. Ìlà odidi kan ni. Iye igi ni wọ́n fi ń sanwó fún ọ̀wọ́ yẹn, wọ́n sì ń kánjú. Ẹbi wọn kọ́. Àwa tí a fi iye sanwó, tí a kò ka ọ̀rá, la jẹ̀bi. Láti ọjọ́ náà, àpò ọ̀rá ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè.

Lórí ríro: igbó Akíntọ́lá ni ọ̀tá tó pọ̀ jù. Bí ẹ bá gé e lórí ilẹ̀, á tún hù, á sì pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀. Ẹ fi ọkọ́ hú u pẹ̀lú gbòǹgbò ní àyíká igi, mítà kan yí ká, kó tó tú òdòdó ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. South Africa ti ń san owó fún àwọn òtòṣì láti 1995 kí wọ́n lè pa irú igbó àjèjì bẹ́ẹ̀ tó ń mu omi odò wọn, ètò náà sì ń jẹ́ Working for Water. Ohun tí iṣẹ́ ọ̀hún fi hàn ni pé gígé lẹ́ẹ̀kan kì í tó. Wọ́n gbọ́dọ̀ padà lọ léraléra.

Owó sísan

1. Ní ọjọ́ 25, ẹ ti rẹ́jísítà pa.
2. Ní ọjọ́ 26, kí fóòmànù ka orúkọ àti iye ọjọ́ sókè níwájú gbogbo ọ̀wọ́. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan buwọ́ lù ú tàbí tẹ̀ka.
3. Ní ọjọ́ 27, kí ẹni tó ń wọn iṣẹ́ mú okùn dání lọ síbẹ̀: mítà gọ́tà, iye igi, iye ọ̀rá.
4. Ní ọjọ́ 28, kí akápò sanwó.
5. Ní ọjọ́ kan náà, ẹ lẹ orúkọ, iye ọjọ́ àti owó mọ́ ara ògiri níbi tí gbogbo èèyàn ti máa rí i. Ẹ má lẹ nọ́ḿbà àkáǹtì tàbí NIN mọ́ ọn.
6. Ẹ fi wákàtí méjì sílẹ̀ ní ọjọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e fún ẹni tó bá ní ẹ̀sùn. Kí ẹni tó máa gbọ́ ọ má jẹ́ fóòmànù.

Àṣìṣe tó ń ba èyí jẹ́ ni dídá gbogbo ìwé dúró nítorí orúkọ díẹ̀. Níbi iṣẹ́ kan tí mo ti ṣe alábòójútó, orúkọ mẹ́rin ni kò bá àkáǹtì mu. Ọ́fíìsì tó ń sanwó dá gbogbo ìwé padà, ti àwọn mẹ́rin náà àti ti àwọn tí kò ní àṣìṣe kankan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá. Obìnrin kan wà nínú ọ̀wọ́ mi tó máa ń jókòó sábẹ́ mángòrò ní aago méjìlá lójoojúmọ́. Á fi ẹ̀gbẹ́ ìró nu ojú fóònù rẹ̀ kékeré, á wò ó bóyá àláàtì ti wọlé, á tún so ó mọ́ ìgbátí. Kò bá mi jà rí. Ní ọjọ́ ajé kan, kò wá mọ́. Nígbà tí owó fi máa dé, ó ti lọ ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń sanwó fún un lọ́wọ́. Òun ló mọ bí wọ́n ṣe ń gbìn fẹtifà jù nínú gbogbo wa.

Nítorí náà: ẹ san owó àwọn tí orúkọ wọn péye ní ọjọ́ 28, kí ẹ kọ ti àwọn yòókù sí ìwé ọ̀tọ̀, kí ẹ parí rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Òfin India sọ pé owó kò gbọ́dọ̀ kọjá ọjọ́ 15 lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹ kọ gbèdéke tiyín náà sínú àdéhùn, kí ẹ kà á sétí òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Bí owó oṣù méjì kò bá tíì sí ní báǹkì, ẹ má pe ẹnikẹ́ni jáde.

Bí owó kò bá tó fún 60

- Ẹ gba ọ̀wọ́ kan, èèyàn méjìlá, kí ẹ sì san owó wọn dáadáa. Ó sàn ju 60 tí ẹ ń jẹ ní gbèsè.
- Ẹ bá ẹgbẹ́ onílé sọ̀rọ̀: kí wọ́n pèsè típà, kí ìjọba ìbílẹ̀ san owó òṣìṣẹ́.
- Àwọn agùnbánirọ̀ ní ọjọ́ iṣẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò lọ́sẹ̀. Ẹ lò wọ́n fún kíkọ rẹ́jísítà, wíwọ̀n àti kíka igi. Ẹ má fi wọ́n rọ́pò ẹni tó ń wá owó oúnjẹ.
- Ilé ìwé lè tọ́jú nọ́sìrì bí olùkọ́ kan bá wà tó fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ ṣètò ẹni tó máa bu omi nígbà ọlidé.

Ọdún kejì

Ní oṣù Kìíní, nígbà tí ọyẹ́ bá mú, ẹ mú rẹ́jísítà gbígbìn dání lọ síbẹ̀. Ẹ mú ìlà kan nínú mẹ́wàá, kí ẹ ka gbogbo ihò tó wà nínú rẹ̀: èyí tó yè, èyí tó kú, èyí tí kò sí mọ́. Bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún bá yè, ẹ fi ọmọ igi dípò àwọn tó kú nígbà tí òjò bá dé. Bí kò bá tó ìdajì, ẹ má tíì gbin nǹkan kan síbẹ̀. Ẹ wá ìdí rẹ̀ ná. Ẹ fa òkú igi mẹ́ta tu, kí ẹ wo gbòǹgbò bóyá ọ̀rá wà. Ẹ wo ìgbẹ́ ewúrẹ́ nílẹ̀. Ẹ wo ara igi bóyá iná ti kan án. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n gbìn ín nínú ìwé.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ orúkọ ọ̀wọ́ tó gbin ìlà kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ iye tó yè. Àwọn tí ìlà wọn yè jù ni kí ẹ kọ́kọ́ pè nígbà tí ẹ bá ń wá èèyàn méjìlá tó máa ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú tí ẹ yọ ₦840,000 sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún.